Ọwọ́ tí Kò Yára Mú Abẹ: Ignacio Ponseti àti Ẹsẹ̀ Àwọn Ọmọdé

Ní ọdún tó kọjá, ìpè kan wọlé sí mi láti Ìbàdàn lóru, nígbà tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Àbúrò mi obìnrin ti bí ọmọkùnrin, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kí a sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá wa lórí fóònù kò jọ ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì yí sínú, àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú sí ara wọn bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́, gìgísẹ̀ sì fà sókè. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ abẹ ńlá ni, kí wọ́n tètè wá owó. Owó náà ni wọ́n fẹ́ kí n bá wọn bẹ ẹgbẹ́ wa fún.

Kí n tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀, mo fi lọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé ní Chicago tí a wà yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: ṣé wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ti Ponseti? N kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi láti mọ̀ pé ìlú tí ọkùnrin náà ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, ìyẹn Iowa City, kò ju ìrìn nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lọ nínú ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi. Ohun tí mo kà láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ fi ṣọwọ́ sí yín.

Ẹsẹ̀ wíwọ́ tí a bí mọ́ ọmọ kì í ṣe àrùn tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ kan ṣoṣo. Nínú nǹkan bí 1,000 ọmọ tí a bá bí, ọ̀kan máa ń ní in. Àwọn ọkùnrin tó ń ní in tó nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn obìnrin, nínú nǹkan bí ìdajì gbogbo wọn, ẹsẹ̀ méjèèjì ló kàn. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ọmọ yóò dìde, yóò sì rìn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fi máa tẹ ilẹ̀. Awọ ibẹ̀ yóò yi, yóò máa dégbò, bàtà kò sì ní wọ̀ ọ́. Àwa tí a dàgbà nílé mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójúkojú. Ó lè jẹ́ télọ̀, ó lè jẹ́ ẹni tó ń tún rédíò ṣe létí ọjà. A mọ orúkọ tí àwọn ọmọdé fi ń pè é lẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni bí ẹsẹ̀ náà ti rọ̀ tó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i.

Àwọn ará ìgbàanì mọ̀ ọ́n. Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì, ti fi lélẹ̀ ní nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú ìbí Ànábì Ísá pé kí a tètè bẹ̀rẹ̀, kí a máa fi ọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa fi aṣọ dì í kí ó má padà. Ní 1741, Nicolas Andry, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé kan jáde, ó sì fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, èyí tó túmọ̀ sí títọ́ àti èyí tó túmọ̀ sí ọmọdé, ṣẹ̀dá orúkọ tí ayé fi ń pe iṣẹ́ yìí títí di òní: orthopaedic. Ẹ kíyè sí i. Àwọn tí a rò pé eegun àgbàlagbà tó kán nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wọn, inú orúkọ wọn gan-an ni ọmọdé wà. Àwòrán igi wíwọ́ kan wà nínú ìwé náà, tí wọ́n fi okùn dì mọ́ òpó kí ó lè tọ́. Bí Andry bá gbọ́ Yorùbá ni, kò sí ohun tí ì bá kọ sábẹ́ àwòrán náà ju pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ṣùgbọ́n sùúrù kò pẹ́ kí ó tó tán nínú iṣẹ́ náà. Ní 1836, William John Little, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ti wọ́ láti ìgbà èwe, lọ sí Hannover ní ilẹ̀ Jámánì. Georg Stromeyer gba ojú ihò kékeré kan gé iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì tọ́. Little padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ní ìran tó tẹ̀ lé tirẹ̀, Hugh Owen Thomas ní Liverpool rọ irin kan bíi sípánà, tí wọ́n ń fi agbára yí ẹsẹ̀ ọmọ padà. Nígbà tí oògùn amúnisùn dé, tí ìmọ̀ nípa kòkòrò àrùn sì gbilẹ̀, ọkàn àwọn oníṣẹ́ abẹ balẹ̀ sí i. Èyí tí irin kò bá lè yí, wọn a gé e.

Inú ayé yìí ni wọ́n bí Ignacio Ponseti sí, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọdún 1914, ní Ciutadella, ní erékùṣù Menorca tó jẹ́ ti ilẹ̀ Spéìn. Iṣẹ́ aago ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ọmọ náà sì máa ń bá a tún un ṣe. Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹni tó ń tún aago ṣe rí mọ̀ pé agbára kò wúlò níbẹ̀. Bí eyín kan bá kọ̀ láti wọnú èkejì, a kì í lù ú. A ó tú u wò ni, kí a mọ èyí tó dí èyí lọ́wọ́. N kò sọ pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbésí ayé ẹ̀dá kì í sábà tò lẹ́sẹẹsẹ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ kì í gbàgbé aago náà.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Barcelona, ó sì parí rẹ̀ ní 1936, ọdún náà gan-an tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Spéìn. Ìhà ìjọba olómìnira tí Franco dojú ìjà kọ ni ó wà, eegun tí ìbọn àti bọ́ǹbù fọ́ ni ó sì ń tò. Ní 1939, nígbà tí ìhà tirẹ̀ fìdí rẹmi, àwọn tó fara gbọgbẹ́ tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ tó nǹkan bí 40, kò sì sí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn. Ó lọ bá àwọn onífàyàwọ́ tó mọ ọ̀nà inú òkè Pyrenees. Wọ́n gbé àwọn ọlọ́gbẹ́ náà gun ìbaaka, wọ́n sì kó wọn sọdá sí ilẹ̀ Faransé. Èmi a máa ronú nípa ìrìn àjò yẹn nígbà míràn. Kò sí nínú ìwé ìṣègùn kankan, ṣùgbọ́n dókítà tó kó ọlọ́gbẹ́ 40 gun orí òkè lọ́wọ́ onífàyàwọ́ ti fi irú ẹni tó jẹ́ hàn kí ó tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló.

Kò lè padà sílé mọ́. Ó sọdá òkun lọ sí Mẹ́ksíkò, ó sì ṣe dókítà abúlé ní Juchitepec fún nǹkan bí ọdún méjì. Àwa tí a ti kó ìwé ẹ̀rí wa sínú àpótí kí a tó rí iṣẹ́ ṣe nílẹ̀ àjèjì kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Juan Farill, àgbà kan nínú iṣẹ́ eegun ní Mexico City, ló ràn án lọ́wọ́ tí ó fi dé Iowa ní 1941, sọ́dọ̀ Arthur Steindler, tí òun náà jẹ́ àtìpó tó ti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yúróòpù wá.

Òkìkí Steindler ti kàn nígbà náà gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ eegun. Ó gbé iṣẹ́ kan fún àlejò rẹ̀ tí ẹlòmíràn ì bá kà sí iṣẹ́ akọ̀wé lásán: kí ó wá àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ wíwọ́ fún níbẹ̀ ní kékeré rí, kí ó sì wo bí ẹsẹ̀ wọn ti rí báyìí tí wọ́n ti dàgbà. Ohun tí Ponseti bá pàdé kò dùn mọ́ni. Ẹsẹ̀ náà gan, kò lágbára, ó sì ń dùn wọ́n. Ibi gbogbo tí abẹ ti kọjá ti di àpá nínú ẹran, àpá náà sì le bí okùn tó gbẹ sójú oòrùn. Bí wọ́n bá tún un gé, òmíràn ni yóò tún dì. Ẹ fojú inú wo ẹni bẹ́ẹ̀ lórí àkàbà, tàbí lórí ẹní ìrun, níbi tí a ti ń ká ìka ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó jókòó. Kí a má sì fi ìyìn Steindler dù ú. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ wo èso ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, nínú iṣẹ́ ìṣègùn tàbí níbòmíràn.

Ponseti kò bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ tó dára jù. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó lọ kọ́ bí ẹsẹ̀ ti ń yí. Ó yẹ ẹsẹ̀ wíwọ́ àwọn ọmọ tí kò wá sáyé láàyè wò, eegun kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì rí i pé àwọn eegun kéékèèké inú ẹsẹ̀ kì í yí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ilẹ̀kùn lórí ìde rẹ̀. Ó so kọ́ra ni, bíi ti inú aago. Òpó wọn ni eegun kan tó wà lábẹ́ egungun ojúgun, tí àwọn dókítà ń pè ní talus. Gbogbo eegun yòókù, títí kan ti gìgísẹ̀, ló yí lọ sínú lábẹ́ òpó yìí. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n padà, àfi kí a di òpó náà mú, kí a sì jẹ́ kí gbogbo wọn jọ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù fún mi. Kì í ṣe òun nìkan ló ń fi POP tọ́ ẹsẹ̀ ọmọ lákòókò náà. J. Hiram Kite ní Atlanta ti ń ṣe é fún ọjọ́ pípẹ́, onísùúrù ni, kò sì fẹ́ràn abẹ. Ṣùgbọ́n POP rẹ̀ lè gba ju ọdún kan lọ kí ẹsẹ̀ kan tó tọ́, òmíràn kò sì ní tọ́ rárá. Ìdí rẹ̀ kò ju ibi tí àtàǹpàkò ọwọ́ wà lọ. Kite ń gbé tirẹ̀ ti àárín ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, ó sì fi bẹ́ẹ̀ dí eegun gìgísẹ̀ lọ́nà láìmọ̀. Ponseti gbé tirẹ̀ sí orí talus gan-an, níwájú kókósẹ̀ níta, gìgísẹ̀ sì ráyè yí. Ibi tí ọwọ́ méjèèjì wà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Bí ìbú ìka kan sí méjì ni.

Ohun kejì tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ẹsẹ̀ tó yí sínú, ojú lásán yóò sọ pé kí a yí i síta. Ponseti ní rárá. Ní POP kìíní, ó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ náà sókè níhà àtàǹpàkò, kí ó lè bá ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba. Lójú ìyá tó dúró ti ọmọ, ńṣe ló dà bíi pé dókítà ń ba ohun tó wọ́ jẹ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó máa fa gbogbo rẹ̀ lọ síta, lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Ìdí tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan wà nínú ohun tí ó rí lábẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tín-ín-tìn-ìn-tín. Àwọn fọ́nrán inú iṣan ọmọ tuntun máa ń ká jọ wẹ́wẹ́, bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Bí a bá rọra fà wọ́n, wọn a nà. Bí a bá sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú POP fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, wọn a tún ká jọ ní gígùn wọn tuntun, a ó sì tún lè rọra nà wọ́n. Kò sí ohun tó já, kò sí àpá. Nítorí náà, iṣẹ́ ọjọ́ kan rọrùn láti sọ: a fún ọmọ ní oúnjẹ kí ara rẹ̀ lè rọ̀, dókítà a di ẹsẹ̀ mú díẹ̀, a sì fi POP wé e láti ìka ẹsẹ̀ dé ìdí itan, orúnkún ní kíká. Lọ́pọ̀ ìgbà, márùn-ún tàbí mẹ́fà irú rẹ̀ tó. Gìgísẹ̀ nìkan ló sábà máa ń kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀. Fún ìyẹn, ó padà sí ọgbọ́n Stromeyer: ó kun ojú ibẹ̀ lóògùn kí ó kú, ó fi ṣóńṣó abẹ kékeré gé iṣan gìgísẹ̀, ó sì tún fi POP wé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣan náà a hù padà, ní gígùn tó yẹ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo abẹ tó wà nínú iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ yìí.

Èyí tó kù kì í ṣe ti dókítà. Bàtà méjì tí irin kan so pọ̀, tó kọ ẹsẹ̀ síta, ni ọmọ yóò wọ̀ fún wákàtí 23 lójúmọ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lójú oorun nìkan títí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé bàtà yìí. Mo ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní 1963, Ponseti àti Eugene Smoley gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tó lókìkí jù láàárín àwọn dókítà eegun Amẹ́ríkà: ọmọ 67, ẹsẹ̀ 94. Ó wà lórí ìwé, ẹni tó fẹ́ kà á lè kà á. Wọn kò kọbi ara sí i. Ní 1971, Vincent Turco tẹ ọ̀nà tuntun jáde, tí a fi ń la ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, tí a ń gé gbogbo iṣan tó di eegun náà mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a sì ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan eegun mọ́ra. Ìyẹn ni ayé gbà. Odidi ìran kan nínú àwọn dókítà kọ́ ọ, wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n fi kún un. Lójú ẹsẹ̀, àbájáde rẹ̀ máa ń wuni: ọmọ wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwọ́, ó sì jáde pẹ̀lú èyí tó tọ́.

Kí ló dé tí wọn kò fi gbọ́ ti Iowa? Mo ti ronú lé e lọ́pọ̀ ìgbà. Èrò tèmi ni pé ẹni tí a fi ọdún púpọ̀ kọ́ ní abẹ, abẹ ni yóò kọ́kọ́ rí. Iyì ọ̀gá sì wà nínú abẹ ju inú POP tí à ń pò nínú báàfù lọ. Ṣùgbọ́n òdodo mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti gbìyànjú láti fi POP tọ́ ẹsẹ̀, ó sì ti já wọn kulẹ̀, nítorí ibi tí Kite fọwọ́ sí ni àwọn náà ń fọwọ́ sí. Nígbà tí wọ́n kà á pé ti Iowa tọ́, wọ́n rò pé àsọdùn ni. Ọgbọ́n tó wà nínú àtàǹpàkò ọwọ́ ṣòro láti kà nínú ìwé.

Ponseti fẹ̀yìn tì ní 1984, ó sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1995, Cooper àti Dietz, àwọn dókítà Iowa, ṣe irú ohun tí Steindler rán òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Wọ́n wá àwọn tó tọ́jú ní kékeré kàn, ènìyàn 45, nígbà tí wọ́n ti tó ẹni ọdún 34 ní ìpíndọ́gba. Ẹsẹ̀ dára tàbí dára gan-an fún 78 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Láàárín àwọn tí a kò bí ẹsẹ̀ wíwọ́ mọ́ rárá tí wọ́n fi wé wọn, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ponseti, tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí ẹsẹ̀ wíwọ́.

Síbẹ̀ kì í ṣe ìwé ló ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu. Àwọn òbí ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé, ìyá tí wọ́n ti dá ọjọ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀ sì lè bá ìyá mìíràn tí ọmọ rẹ̀ ti Iowa dé sọ̀rọ̀, kí ó sì rí fọ́tò ẹsẹ̀ ọmọ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá bàbá arúgbó yìí. Wọ́n tún ń padà sílé lọ bi dókítà wọn pé kí ló dé tí ẹ̀yin kò ṣe é? John Herzenberg ní Baltimore wà lára àwọn oníṣẹ́ abẹ tó gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú àbọ̀ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ní 2002, wọ́n fi ẹsẹ̀ 34 tí wọ́n fi ọ̀nà Ponseti tọ́ wé ẹsẹ̀ 34 tí wọ́n fi POP ti àtijọ́ tọ́. Nínú ti àtijọ́, 32 ló padà lọ sábẹ́ abẹ ńlá. Nínú ti Ponseti, ẹyọ kan. Ní 2006, àbọ̀ mìíràn jáde lórí àwọn tí wọ́n ti ṣe abẹ ńlá fún ní kékeré, tí ó ti lé ní ọdún 25 lẹ́yìn náà: ẹsẹ̀ gígan, oríkèé tó ti jẹ, ìrora. Ohun kan náà tí ọ̀dọ́mọkùnrin àtìpó náà rí ní Iowa ṣáájú ni.

N kò mọ bí a ṣe lè ka iye ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n là láàárín 1963 àti ìgbà náà.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀nà yìí tún ti rí ara rẹ̀ hàn. Ní Ùgáńdà, Shafique Pirani, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, àti Norgrove Penny, ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà fúnra rẹ̀, rí i pé oníṣẹ́ abẹ eegun kò tó nǹkan ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà wà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kọ́. Iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà kò gbà bọ̀rọ̀, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera Ùgáńdà mọ̀ ọ́n dáadáa. Nílé tiwa, Igbóbì tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1945 nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ti di orúkọ tí Yorùbá fi ń pe ìtọ́jú eegun fúnra rẹ̀. Ní 2010, àwọn dókítà láti Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ àbọ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń tẹ̀ ní Iowa gan-an, lórí bí ọ̀nà Ponseti ti ń yí ìṣe abẹ padà ní Nàìjíríà. Ponseti kò rí i kà. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, ọdún 2009, ní ẹni ọdún 95, ní Iowa City.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ nípa ọmọ wa. Nígbà tí mo dúró níwájú ìgbìmọ̀, n kò béèrè owó abẹ mọ́. Owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ méje àti owó bàtà onírin ni mo béèrè, ẹ sì fi í sílẹ̀ kí n tó jókòó, mo dúpẹ́. Ilé ìwòsàn ìjọba kan nítòsí wọn ń ṣe é. POP mẹ́fà, abẹ kékeré, POP kan sí i, ẹsẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ bí ti ọmọ aráyé. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo fi han nọ́ọ̀sì wa, wọ́n ní, "Bàtà ńkọ́?" Mo ní ó ń wọ̀ ọ́.

Kò wọ̀ ọ́. Ọmọ náà ń ké lóru, ìyá wa kò sì lè gbà á mọ́ra. Bí àbúrò mi bá ti sùn, wọn a dìde, wọn a tú bàtà náà, wọn a pọn ọmọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọn a tún dè é padà. Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ yìí kan náà ni àwọn dókítà Iowa kọ́ra pàdé: wọ́n kọ ọ́ pé nínú ìdílé tó bá wọ bàtà náà bó ti yẹ, ẹsẹ̀ tó tún padà wọ́ kò ju 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n nínú ìdílé tí kò bá wọ̀ ọ́, ó lé ní 80. Ní oṣù Keje ọmọ, ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sínú.

Mo pe ìyá wa. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìtàn ni mo sọ fún wọn: ọmọ alágo, ìbaaka lórí òkè, iṣan tó ń ká jọ tó sì ń nà. Wọn kò fèsì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé, dókítà òyìnbó yẹn, ṣé ó bímọ? Mo sọ fún wọn pé ọmọ tó tọ́jú pọ̀ ju èyí tí a lè kà lọ.

Wọ́n ti tún POP ẹsẹ̀ òsì náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Bàtà onírin ti padà sẹ́sẹ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Àbúrò mi ní ìyá wa fúnra wọn ló ń dè é báyìí lálẹ́, wọ́n sì máa ń ka ihò awọ rẹ̀ sókè kí wọ́n tó pa iná: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Bí ọmọ náà bá yí padà lójú oorun, irin yẹn a kọlu igi bẹ́ẹ̀dì, wọn a sì ta jí.